Fíìmù Tó Ń Gbé Ẹ Sùn àti Fíìmù Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Ẹ́ Yẹ̀yẹ́

Ọmọ Ìkéré kan tó ń kàwé lọ́wọ́ nílùú Adó ló kọ ìbéèrè yìí sí mi:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí. Olùkọ́ wa ní ká lọ wo Jeanne Dielman, ó ní òun ni àwọn ọ̀mọ̀wé sinimá dìbò fún pé ó dáa jù lágbàáyé. Mo wò ó, obìnrin kan ń bó ọ̀dùnkún, mo sùn lọ, nígbà tí mo jí ó ṣì wà ní kíṣìnnì. Parasite náà, mo wò ó tán, mi ò rí ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí. Ṣùgbọ́n Saworoidẹ, mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, omi sì máa ń bọ́ lójú mi. Àwọn tá a jọ ń gbé yàrá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé fíìmù àwọn ìyá àgbà ni mò ń wò. Ṣé ọpọlọ mi ni kò gbé e ni, àbí irọ́ làwọn tó ń yin àwọn fíìmù yẹn ń pa?"

Àbúrò mi, kò sóhun tó ṣe ọpọlọ ẹ, àwọn tó ń yìn ín náà ò sì parọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo ti rí ìdáhùn tí mo fẹ́ fún ẹ yìí, torí kì í ṣe inú ìwé ni mo ti rí i.

Láti 1996, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ni mo ti ń yá àwọn èèyàn ní fíìmù ní Òkèyìnmi l'Ádó-Èkìtì, látorí káṣẹ́ẹ̀tì dórí sí-dí, títí fóònù fi gba gbogbo ẹ̀ tí mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Tẹlifíṣọ̀n kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo fi ń gbé fíìmù tuntun sí i káwọn tó ń kọjá lè dúró wò. Màmá kan wà tó ń ta ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí tẹlifíṣọ̀n yẹn látàárọ̀ dalẹ́, kì í bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gúsí ẹ̀ ló ń bó, àmọ́ òun ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín káwọn tó dúró tó rẹ́rìn-ín, òun ló máa ń kọ́kọ́ ṣépè fún ọba búburú, tílẹ̀ bá sì ṣú á ro ìtàn fíìmù yẹn fún ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ní fo ibì kankan. Ọjọ́ kan mo gbé fíìmù òyìnbó kan sí i, ọ̀kan nínú àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ, fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, màmá bá bi mí pé ṣé ẹ̀rọ mi ti bàjẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé etí ni màmá fi ń wo fíìmù.

Ìwọ náà, etí lo fi ń wò ó. Ilé tí wọ́n ti tọ́ wa ló fà á, kò sì sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Fíìmù Yorùbá, inú eré orí ìtàgé ló ti jáde. Àwọn tó gbé e dé sinimá fún wa, Hubert Ògúndé, Adé Love tó jẹ́ bàbá Kúnlé Afọláyan, Moses Ọláìyá tá à ń pè ní Bàbá Sàlá, eléré tó ń kiri ìlú ni gbogbo wọn, wọ́n á gba gbọ̀ngàn, èrò á kún un, ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ò sì lè rí ojú òṣèré dáadáa, ohùn ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orin, oríkì, ọfọ̀, òwe àti àwàdà fi jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ru ìtàn. Nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976, tí Adé Love ṣe olórí òṣèré, orin ló kún inú ẹ̀. Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982, àwọn olè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kiri ìgboro, wọ́n jẹ èrè baba náà run, mi ò lè dárúkọ fíìmù yẹn kí inú mi má bàjẹ́, torí èmi tí mo fi fíìmù jẹun mọ ohun tí wọ́n jí.

Wá wo Saworoidẹ tó ń pa ẹ́ lẹ́kún. Túndé Kèlání ló darí ẹ̀, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, ó jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Lápité fẹ́ jọba Jogbo àmọ́ kò fẹ́ ṣe ètùtù tó so ọba mọ́ ìlú, ó fẹ́ jẹ owó igi tí àwọn agégẹdú ń gé nígbó láìsí ẹni tó máa bi í. Kí ló wá ń tú àṣírí irú ọba bẹ́ẹ̀? Ìlù ni. Ìlù tó ní saworo idẹ lára yẹn ló mọ ọba tó ṣe ètùtù yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe. Ṣó o rí i? Ohun tá à ń fetí gbọ́ gan-an ni adájọ́ nínú fíìmù yẹn. Fíìmù tí wọ́n ṣe fún etí ni, ìwọ sì ní etí, ìdí nìyẹn tó fi wọlé sí ẹ lára.

Àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá ń kọ́? Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọ̀pálábá, bàbá olówe inú Saworoidẹ, á jókòó sínú fíìmù yẹn, á fi òwe pọ́n òwe lẹ́yìn, á bú ọba mọ́ inú orin, Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ á sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún tí kò níyọ̀. Wọn ò gbọ́ fíìmù yẹn rí nígbèésí ayé wọn, wọ́n kàn kà á ni. Nígbà tí Peter Fatómilọ́lá bá la ẹnu, ọmọ Ìfisìn lápá ibí yìí ni o, bàbá tó máa ń ṣe babaláwo débi pé àwọn kan rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ nílé, ohun tó ń ti ẹnu ẹ̀ jáde kò ṣeé tẹ̀ sísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n. Torí náà tí wọ́n bá ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, má bá wọn jà. Ojú ni wọ́n ní, etí ni wọn ò ní. Ìwọ, etí lo ní, ojú ẹ ni ká jọ là.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí Parasite. Bong Joon-ho ará Kòríà ló darí ẹ̀, ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé ní 2019, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ti Amẹ́ríkà fún fíìmù tó dáa jù ní 2020, fíìmù tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì kò tíì gba ìyẹn rí kó tó gbà á. Ìwọ dúró de ọ̀rọ̀, o ń retí ibi tí ẹnì kan máa dìde tá á sọ pé báyìí ni olówó ṣe ń fìyà jẹ tálákà. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ fún ẹ bẹ́ẹ̀. Tún un wò, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ni kó o máa wò lọ́tẹ̀ yìí. Ìdílé tálákà ń gbé yàrá tó rì sílẹ̀ dé ìdajì, fèrèsé wọn dọ́gba pẹ̀lú títì, ilé olówó wà lókè téńté. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ń dáa fún wọn, wọ́n ń gùnkè ni. Lálẹ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí wọ́n sá jáde nílé olówó, wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan kò tán kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀, omi ń bá wọn ṣàn lọ sísàlẹ̀, títí wọ́n fi délé bá ẹ̀gbin ṣáláńgá tó kún yàrá wọn dé àyà. Ilẹ̀ mọ́, ìyàwó olówó jókòó sínú mọ́tò, ó ń dúpẹ́ pé òjò yẹn ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ó wá ṣí fèrèsé torí òórùn awakọ̀. Wo ojú bàbá awakọ̀ yẹn. Kò sọ nǹkan kan. Ojú ẹ̀ nìkan ni kó o wò.

Ìwọ tó ò ń gbé Adó, ṣó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ? Òjò tí ẹni tó kọ́lé sórí òkè ń dúpẹ́ fún, òun náà ló ń gbé tìmùtìmù ẹlòmíì jáde létí odò Àjílósùn. Ará Èkìtì ni wá, òkè la fi ń dárúkọ àdúgbò, ó yẹ kó jẹ́ pé àwa la máa kọ́kọ́ lóye fíìmù àtẹ̀gùn yẹn.

Ó ku Jeanne Dielman tó gbé ẹ sùn. Chantal Akerman ọmọ Bẹ́ljíọ̀m ló ṣe é, ó jáde ní 1975, ọmọbìnrin náà ò tíì ju ẹni ọdún 25 lọ nígbà yẹn, fíìmù yẹn gùn ju wákàtí 3 lọ. Ní 2022 ni ìdìbò ìwé ìròyìn Sight and Sound gbé e dé ipò kìíní, ìdìbò tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá. Obìnrin opó kan pẹ̀lú ọmọkùnrin ẹ̀ ni, ọjọ́ mẹ́ta la bá wọn gbé. Kámẹ́rà dúró sójú kan, kì í tẹ̀ lé e, kì í sún mọ́ ojú ẹ̀. Ó dáná, ó fọ abọ́, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pa iná yàrá kó tó jáde.

Fọkàn bá mi lọ sílé yín ní Ìkéré. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́, màmá ẹ ń gún iyán lẹ́yìn ilé, ìwọ wà nínú yàrá, ò ń kàwé. O ò rí i, àmọ́ o mọ ìró odó ẹ̀, o mọ bó ṣe máa ń dún nígbà tí iṣu ṣì jẹ́ òkúta, bó ṣe ń dún nígbà tó bá ti ń fà, o mọ ìgbà tó fi ọwọ́ kan omi. O ò fiyè sí i rárá, torí pé ojoojúmọ́ ni. Àmọ́ ká ní lọ́jọ́ kan odó yẹn dún, ó dákẹ́, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó tún dákẹ́, ó wá dún níbi tí kò yẹ kó ti dún. Wà á sọ ìwé ẹ sílẹ̀, wà á dìde. Kò sẹ́ni tó pè ẹ́, kò sẹ́ni tó sunkún, àmọ́ ara ẹ ti sọ fún ẹ pé nǹkan ṣe màmá.

Ohun tí Akerman ṣe nìyẹn. Ọjọ́ kìíní, ó ń kọ́ ẹ ní ìró odó obìnrin yìí, bó ṣe ń bó ọ̀dùnkún, bó ṣe ń de bọ́tìnì, bó ṣe ń pa iná. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dùnkún jinná jù. Ó gbé ìkòkò yẹn dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Nígbà tó yá, bọ́tìnì kan wà ní ṣíṣí lára aṣọ ẹ̀. Ẹni tó bá sun lọ́jọ́ kìíní, kò sí bí ìkòkò ọ̀dùnkún ṣe máa já a láyà. Ẹni tó bá wo ọjọ́ kìíní dáadáa, àyà ẹ̀ á já bí ìgbà tó gbọ́ ìbọn. Mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kó o lọ rí i fúnra ẹ. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n dìbò, mi ò ní fi sí ipò kìíní, mo fẹ́ràn fíìmù tó bá ń jẹ́ kéèyàn mí sínú díẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wò ó, mi ò lè wọ kíṣìnnì tí obìnrin kan dá wà kí n má wo ọwọ́ ẹ̀.

Tẹ́nì kan bá wá sọ fún ẹ pé nǹkan òyìnbó ni kéèyàn máa fi ojú ka ìtàn, sọ fún un pé kó wá sí Ìkéré. Olówè ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn sí ààfin Ògògà yín ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Lórí ilẹ̀kùn yẹn, Ògògà ń gba àlejò òyìnbó ìjọba. Ọba jókòó, adé wà lórí ẹ̀, ayaba dúró sẹ́yìn ẹ̀, òyìnbó ká sínú àga tí wọ́n gbé e sí, orúnkún ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Olówè ò kọ lẹ́tà kankan síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá wò ó mọ ẹni tó nílẹ̀. Ọ̀kan nínú òpó yẹn, ayaba ga ju ọba tó jókòó lọ fíìfíì, o lè fi gbogbo ọjọ́ kan ronú sí ìyẹn nìkan. Àwọn òyìnbó gbé ilẹ̀kùn yẹn lọ síbi àfihàn ńlá wọn ní Wembley ní 1924, wọ́n fi ìtẹ́ kan tí wọ́n ṣe ní ìlú wọn pààrọ̀ ẹ̀ lọ́wọ́ Ògògà, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí dòní. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ ni pé ojú tó lè ka ilẹ̀kùn yẹn, òun náà lo máa fi ka Parasite. Ọ̀dọ̀ àwọn baba ẹ ló ti wá.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ àti èrò tó ń rọ́ lọ wo fíìmù, má jẹ́ kí wọ́n dààmú ẹ. Avatar pa owó tí fíìmù kankan ò tíì pa rí, ní Oscar 2010 ó fìdí rẹmi lọ́wọ́ The Hurt Locker tí èèyàn díẹ̀ wò. The Shawshank Redemption jáde ní 1994, owó tó pa ní sinimá kò tó nǹkan, wọ́n pe orúkọ ẹ̀ lọ́nà 7 ní Oscar, kò mú ẹyọ kan bọ̀, lónìí àìmọye èèyàn ló ń sọ pé òun làwọn fẹ́ràn jù láyé. Citizen Kane ti 1941 pàdánù Oscar fíìmù tó dáa jù lọ́dún ẹ̀, ó wá wà ní ipò kìíní nínú ìdìbò Sight and Sound láti 1962 títí dé 2002. Nígbà tí wọ́n fi Lionheart ti Genevieve Nnaji ránṣẹ́ sí Oscar lórúkọ Nàìjíríà ní 2019, wọ́n dá a padà torí Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí kì í ṣe àwa la mú wálé. Ìgbìmọ̀ ní òfin tiwọn, èrò ní ìdí tiwọn, kò sí èyí tó lè bá ẹ fi ojú ẹ ríran nínú méjèèjì.

Àwọn fíìmù wa ti òde òní náà ńkọ́, torí mo mọ̀ pé wà á bi mí. A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé, fíìmù wa tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá, mo lọ wò ó l'Ákùúrẹ́, mo rẹ́rìn-ín dáadáa, ìyá yẹn pẹ̀lú ọmọkùnrin márùn-ún tí bàbá wọn yàtọ̀ síra dùn mí lọ́kàn, àmọ́ nígbà tí mo délé mi ò lè rántí àwòrán kan ṣoṣo nínú ẹ̀. Àwọn àgbà ti pín in: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Gúgúrú dáa, kò sẹ́ni tó ní kó o má jẹ gúgúrú. Aníkúlápó ti 2022 ní àwòrán tí mi ò lè gbàgbé, ẹyẹ àkàlà yẹn tó bà lé òkú Sàró nínú igbó, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ṣe ohun tó wá ṣe, ká ní gbogbo fíìmù yẹn dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, à bá máa sọ̀rọ̀ míì. Jagun Jagun ti 2023, ìjà ẹ̀ dùn, ọfọ̀ ẹ̀ gbóná, àmọ́ ìlù àti fèrè ò sinmi nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀, bíi pé wọ́n ń bẹ̀rù pé a ò ní mọ ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rù. Ẹ̀rù yẹn ló ń ba fíìmù wa jẹ́. Ẹ jẹ́ ká dákẹ́ díẹ̀, ẹ̀yin ará iṣẹ́ fíìmù, a ti lajú.

Èyí tí mo fẹ́ kó o wá gan-an ni Eyimofe, fíìmù àwọn ìbejì Esiri, ó jáde ní 2020. Èkó ni, ọkùnrin oníṣẹ́ iná kan tó fẹ́ lọ Spéènì. Èéfín jẹnẹrétọ̀ pa arábìnrin ẹ̀ àti àwọn ọmọ arábìnrin náà mọ́lé. Fíìmù Yorùbá tá a mọ̀, ibẹ̀ yẹn ni ẹkún máa ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á yí lulẹ̀, orin arò á wọlé. Nínú èyí, ọkùnrin yẹn ń rìn látinú ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, ìwé òkú, owó òkú, ẹ wá lọ́la. Ẹkún yẹn wà nínú rírìn yẹn. Ẹni tó bá ti bá ìdílé rìn nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Bó o ṣe máa ṣe é rèé. Má fi fóònù wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ lẹ́yìn kíláàsì, oorun kì í ṣe ẹ̀bi ẹ nígbà yẹn. Lọ́sàn-án, jókòó sórí àga. Gbé Saworoidẹ tó o ti mọ̀ sórí yìí sí i, pa ohùn ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni Kèlání kọ́ kó tó di olùdarí, wà á rí ohun tí etí ẹ ti ń fi pamọ́ fún ẹ láti ọdún yìí wá, ibi tó gbé ọba sí àti ibi tó gbé onílù sí. Tó bá di alẹ́, pe àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbé yàrá, ṣí ohùn ẹ̀ sókè, gbogbo ibi tí Ọ̀pálábá bá ti la ẹnu, dá fíìmù dúró kó o túmọ̀ ẹ̀ fún wọn, òwe kan tẹ̀ lé òmíràn. Ní sùúrù fún wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, má tíì padà sórí Jeanne Dielman. Wá Black Girl ti Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gà, 1966, kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé àwọn òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ lọ sí Faransé. Ère ìbojú kan wà nínú ẹ̀ tó fún wọn lẹ́bùn. Má wo ohun míì, ère yẹn ni kó o máa tẹ̀ lé, ẹni tó dì í mú, ara ògiri tí wọ́n fi í kọ́, ẹni tó gbé e padà, ọmọdé tó fi bo ojú lópin. Kọ ọ́ sílẹ̀ bó o ṣe ń rí i, kó o wá fi ránṣẹ́ sí mi.